Ọbẹ̀ Wo Ni Ó Yẹ Ọmọ Tí Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ? Ìfiwéra Ọbẹ̀ Ilé Wa àti Ọbẹ̀ Inú Ìgò

Ìbéèrè tí àwọn ìyá ọlọ́mọ sábà máa ń bi mí ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni pé, ṣé ó dára kí ọmọ ọdún méjì tàbí mẹ́ta tí kì í fẹ́ jẹun máa jẹ ọbẹ̀ púpọ̀? Ohun tí wọ́n ń rí nílé ni pé ọmọ náà kì í fẹnu kan ẹ̀fọ́, a sì máa tu ẹran dànù, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da omi ọbẹ̀ pupa sórí ìrẹsì fún un, yóò jẹ ẹ́ tán, ìyá rẹ̀ yóò sì dúpẹ́ pé oúnjẹ kúkú wọ inú rẹ̀. N kì í lè dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, nítorí pé ọbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ọbẹ̀ kan wà tí ń ru oúnjẹ wọ inú ọmọ, òmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé iyọ̀ àti epo nìkan ni ó rù wọlé, tí yóò sì jókòó sí àyè tí oúnjẹ gidi ì bá wà nínú ikùn tí kò tóbi ju ìkúùkù lọ.

Kí á tó fi ọ̀kan wé èkejì, ó yẹ kí á rántí ibi tí oúnjẹ wa fi ara pamọ́ sí. Ní Ìlú Ọba, wọn a sun ẹran, wọn a se ọ̀dùnkún àti kárọ́ọ̀tì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn a wá bu ọbẹ̀ díẹ̀ lé wọn lórí kí wọ́n má baà gbẹ lọ́fun. Bí ọmọ bá kọ ọbẹ̀ yẹn, kò pàdánù ohun púpọ̀, nítorí pé ẹran ṣì wà nínú àwo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àmàlà tí a fi èlùbọ́ iṣu rò, àti àmàlà láfún tí a mọ àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́, okun ni wọ́n ń fún ara. Purotéènì tí ń kọ́ ẹran ara ọmọ kò tó nǹkan nínú wọn, ti láfún sì tún kéré ju ti èlùbọ́ lọ nítorí pé gbágùúdá ni a fi ṣe é. Inú ọbẹ̀ ni ẹ̀wà, ẹja, ẹran, ewé àti epo wà. Ọmọ tí ó bá ń ṣa ọbẹ̀ jẹ nílé Yorùbá, oúnjẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣà, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo fún wa ju bí ó ti wúwo fún àwọn tí a ń ka ìmọ̀ràn wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun mẹ́ta ni mo fi ń díwọ̀n ọbẹ̀ ọmọdé. Èkíní ni ohun tí ó kù lórí ṣíbí nígbà tí omi bá ro kúrò. Èkejì ni iyọ̀. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ọbẹ̀ náà ń mú ọmọ jẹ mọ́ ọn: ṣé ó ń mú kí ó jẹ ẹja, ẹyin tàbí ewé tí kì bá jẹ, àbí ó kàn ń mú kí ó fi ìrẹsì funfun yó? Nípa ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, kí ti ọmọdé sì kéré sí i. Ní Ìlú Ọba, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ọmọ ọdún 1 sí 3 ni gíráàmù 2 lójúmọ́, ti ọmọ ọdún 4 sí 6 sì jẹ́ gíráàmù 3. Gíráàmù 2 kò ju nǹkan bí ìdámẹ́ta ṣíbí tí a fi ń po tíì lọ, iyọ̀ inú búrẹ́dì àárọ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, kò sí ìdí tí a fi ní láti fi iyọ̀ sí oúnjẹ rẹ̀ rárá.

Gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata

Bí ẹ bá ní kí n mú ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo ọbẹ̀ ilẹ̀ yìí fún ọmọ tí ń ṣa oúnjẹ jẹ, gbẹ̀gìrì ni n óò mú, n kò sì ní ṣiyèméjì. Ẹ wo bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ń jẹun: ọwọ́ ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Yóò yọ èèpo tòmátò, yóò yọ àlùbọ́sà, yóò fa ewé kan tí ó lẹ̀ mọ́ òkèlè já, yóò sì tò wọ́n sí etí abọ́ bí ẹni tí ń pàtẹ ọjà. Gbẹ̀gìrì kò fún un ní ohun tí yóò yọ. A ti rẹ ẹ̀wà, a ti bó o, a ti sè é títí tí ó fi yọ́, a sì ti fi ìjábẹ̀ jà á tàbí kí á sẹ́ ẹ, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí kóró tí ahọ́n lè bá jà. Ẹ̀wà gbígbẹ sì rèé, nǹkan bí gíráàmù 23 nínú gíráàmù 100 rẹ̀ ni purotéènì. Ọmọ tí kò jẹ ẹran, tí kò jẹ ẹja, tí ó sì fi ṣíbí ńlá mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbẹ̀gìrì tí ó ki jẹ òkèlè, kò fi ọwọ́ òfìfo kúrò nídìí abọ́.

Àléébù gbẹ̀gìrì wà, n kò ní fi pamọ́. Èèpo ẹ̀wà tí a bó dànù gbé díẹ̀ lọ nínú ohun tí ń mú kí ìgbẹ́ ọmọ rọ̀. Èròjà irin inú ẹ̀wà kì í tètè wọ inú ẹ̀jẹ̀ bí ti inú ẹran. Fítámì C inú ọsàn tàbí mángòrò ni ó máa ń bá a ṣílẹ̀kùn, tíì sì máa ń dí i lọ́nà. Ní ìlú tí mángòrò ti ń jábọ́ lulẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí àkókò rẹ̀ bá dé, kò yẹ kí èyí nira: bí ọmọ bá jẹun tán, kí á bó mángòrò fún un, kí á sì jẹ́ kí tíì di ìgbà mìíràn. Àléébù tí ó burú jù ni omi. Àwọn olóúnjẹ kan a máa la gbẹ̀gìrì títí tí yóò fi dà bí omi tí a fi fọ ẹ̀wà, àwọn kan nínú wa sì ti mú ìwà yẹn wọ ilé. Gbẹ̀gìrì ọmọdé gbọ́dọ̀ ki tó ògì tí a fi ń bọ́ ọmọ, kí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí, kí ó má sì sáré kúrò níbẹ̀.

Ọbẹ̀ ata kì í ṣe ọ̀tá. Tàtàṣé ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A, epo tí a sì fi se tòmátò mọ́ ọn ń mú kí ohun rere inú tòmátò náà tètè wọ ara ju bí a bá jẹ ẹ́ ní tútù lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ẹja àti ẹran kúrò nínú rẹ̀, kò sí ohun tí ń mú ọmọ dàgbà níbẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata lásán jẹ àwọ̀, ó jẹ òórùn dídùn, ó jẹ fítámì díẹ̀, ó sì yó. Ní ti ata rodo, àwọn kan a máa sọ pé ó ń dá egbò sínú ọmọ. Kì í dá egbò, ṣùgbọ́n ó ń ta ọmọ lẹ́nu, ọmọ tí ata bá sì ta nígbà méjì lè kọ gbogbo ohun pupa fún oṣù mẹ́fà. Ọ̀nà àbáyọ rọrùn. Kí á má lọ rodo pọ̀ mọ́ tàtàṣé àti tòmátò. Kí á lọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kí á dín tàtàṣé àti tòmátò jinná, kí á bu ti ọmọ sínú ìkòkò kékeré, lẹ́yìn náà ni kí rodo wọ inú ìkòkò àgbà. Ọbẹ̀ kan náà ni, iná kan náà ni, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju abọ́ kan tí a óò fọ̀ lọ.

Epo ńkọ́? Ikùn ọmọ kéré, epo sì ń fúnni lókun ju ohun mìíràn lọ, nítorí náà n kò bá àwọn tí ń sá fún epo nínú oúnjẹ ọmọ rírù sọ̀rọ̀ kan náà pẹ̀lú àwọn tí ọmọ tiwọn sanra. Fún ọmọ rírù tí kì í jẹ ju òkèlè márùn-ún lọ, ṣíbí ìpotíì kan epo pupa nínú gbẹ̀gìrì rẹ̀ jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Èyí tí n kò fẹ́ ni epo pupa tí a dín títí tí ó fi funfun: iná yẹn ti ba èròjà fítámì A tí ó fún epo náà ní àwọ̀ rẹ̀ jẹ́. Bákan náà ni epo tí wọ́n po aró mọ́ kí ó lè pọ́n, èyí tí àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bí epo bá pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ, tí kì í dì nígbà ọyẹ́, kí olúwarẹ̀ bi ẹni tí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa.

Ewédú àti ilá

Ewédú ni mo rò pé àwọn òbí kò kà sí tó. Ewé ni, ṣùgbọ́n ìjábẹ̀ ti fọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò fi mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ewé mọ́. Ó ní kálísíọ́mù, ó ní èròjà irin, ó sì ní èròjà tí ara ń sọ di fítámì A. Èyí tí mo kà kẹ́yìn yìí kì í wọ ara dáadáa láìsí epo, a kì í sì í fi epo se ewédú. Ẹni tí ń bu àbùlà jẹ ní Ọ̀yọ́ lè má tíì ronú kan èyí rí: epo inú gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata tí a bù mọ́ ewédú ni ó ń ṣí ọ̀nà fún ohun tí ó wà nínú ewé náà. Nítorí náà, ìyá tí ó bá fún ọmọ ní ewédú nìkan torí pé kò fẹ́ kí ata ta á, ó ti fi ìdajì èrè ewédú sílẹ̀ nínú abọ́. Kí ó kán epo díẹ̀ sí i.

Ilá sún mọ́ ewédú, ó sì dára fún ìgbẹ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ohun tí ojú lè rí pọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tí ń ṣa oúnjẹ yóò rí kóró rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ilá bá jẹ́ ohun tí ẹ ní nílé, ẹ rín in dípò kí ẹ rẹ́ ẹ. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ó jẹ́ pé fífà gan-an ni wọ́n kórìíra, tí ọ̀fun wọn máa ń kọ ohun tí ń yọ̀. Fún irú wọn, ewédú àti ilá kò yàtọ̀, ẹ fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a lọ̀ mọ́ ẹ̀gúsí gbìyànjú.

Ọ̀rọ̀ kan kù lórí káún. Púpọ̀ nínú wa kò lè se ewédú láìfi káún sí i, torí pé ó ń tètè rọ̀ ọ́, ó sì ń jẹ́ kí ó fà. Ohun tí ó wà nínú iyọ̀ tí a sọ pé kí á dín kù fún ọmọ wà nínú káún pẹ̀lú, káún sì máa ń pa fítámì C inú ewé. Ewédú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, tí ewé rẹ̀ kò tíì gbó, kò nílò rẹ̀. Omi díẹ̀ tí ó hó dáadáa àti ìjábẹ̀ tó o. Ewédú ọjọ́ mẹ́ta tí ó ti rọ lórí àtẹ ni ó ń fẹ́ káún.

Omi ẹran àti ẹran

Níbi yìí ni mo ti ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ẹgbẹ́ mi, nítorí pé àwa ni a máa ń sọ pé, "Bí kò bá jẹ ẹran, ẹ fún un ní omi ẹran, gbogbo adùn ẹran ti wà nínú omi." Adùn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Oúnjẹ kò sí níbẹ̀ tó bí a ti rò. Bí a bá se ẹran, èyí tí ó pọ̀ jù nínú purotéènì rẹ̀ àti èròjà irin rẹ̀ kì í kúrò nínú ẹran náà. Ohun tí ó ń jáde sínú omi ni ọ̀rá díẹ̀, òórùn dídùn, àti púpọ̀ nínú iyọ̀ tí a fi sè é.

Nígbà tí ọmọ ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, omi ọbẹ̀ nìkan ni ó ń bèèrè. Ìyàwó ọmọ mi sọ fún mi pé, "Màmá, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ó ń jẹun." N kò bá a jiyàn. Mo bu ṣíbí ńlá mẹ́rin nínú omi ọbẹ̀ tí a fẹ́ dà sórí ìrẹsì ọmọ náà, mo dà á sínú ife dígí kan, mo sì gbé e sórí tábìlì títí a fi jẹun tán. Nígbà tí a padà dé ìdí rẹ̀, epo ti gun òkè, ó nípọn tó ìka kan. Ata lílọ̀ ti rì sísàlẹ̀, kò ju ìpele tín-ín-rín kan lọ. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín jẹ́ omi tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí mo sì tọ́ ọ wò, iyọ̀ nìkan ni ẹnu mi gbọ́. Ìyàwó ọmọ mi wo ife náà títí, ó ní, "Màmá, ṣé ohun tí mo ti ń fún un láti ọdún tó kọjá nìyí?"

Ẹran gan-an ni kí á wá ọ̀nà fún. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń tu ẹran dànù, adùn rẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ̀, yíyi rẹ̀ ni eyín wọn kò ká. Ẹran tí a sè rọ̀, tí a sì gún tàbí tí a já wẹ́wẹ́ kí á tó dà á padà sínú ọbẹ̀ tí ó ki, kì í sábà padà jáde. Ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀, tí a sì fọ́ sínú ọbẹ̀, tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀dọ̀ díẹ̀ tí a lọ̀ mọ́ ọbẹ̀ kún fún èròjà irin àti fítámì A, ṣùgbọ́n kí ó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀, nítorí pé fítámì A inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ọmọ lè máa jẹ lójoojúmọ́ lọ. Wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé káàkiri àdúgbò wa náà jẹ́ ohun tí ọmọ lè fi rọ́pò ẹran. Ẹ sè é nínú ọbẹ̀ kí ó hó dáadáa, ẹ má ṣe fún ọmọ jẹ ní tútù.

Irú àti mágì

Mágì tí mo ń wí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kan pàtó. Gbogbo horo ìsebẹ̀ tí a ń tú lára bébà ni mo kó pọ̀. Nǹkan bí ìdajì horo kan ni ó jẹ́ iyọ̀. Bí horo náà bá jẹ́ gíráàmù 4, iyọ̀ inú rẹ̀ tó ohun tí ó yẹ kí ọmọ ọdún méjì jẹ láti àárọ̀ di alẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a sì tún ń fi iyọ̀ gidi lé e. Ahọ́n ọmọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ orí yìí. Èyí tí iyọ̀ ìsebẹ̀ bá ti mọ́ lára, ẹ̀wà tí a kò fi mágì sè yóò dà bí igi lẹ́nu rẹ̀, òun náà yóò sì di ẹni tí ń ṣa oúnjẹ jẹ nítorí ohun tí àwa fúnra wa kọ́ ọ.

Irú ń ṣe iṣẹ́ adùn náà, ó sì mú purotéènì àti ọ̀rá tirẹ̀ wá. Irú pẹ̀tẹ̀ dára jù fún ọbẹ̀ ọmọdé nítorí pé ó ń yọ́ sínú ewédú láìkù. Irú woro yóò di ohun tí a ń ṣà sí etí abọ́. Ẹ ṣan yanrìn rẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì tọ́ ọ wò, torí pé àwọn tí ń ta á a máa fi iyọ̀ sí i kí ó má baà bàjẹ́. Edé gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná náà wà nínú ẹgbẹ́ yìí. N kò sọ pé kí ẹ da mágì nù láti òní lọ, baálé ilé lè má gbà; ẹ kàn bu ti ọmọ kúrò nínú ìkòkò kí horo tó wọlé.

Ketchup, mayonnaise àti gravy

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti Èkó tàbí òkè òkun dé ni wọ́n sábà máa ń béèrè nǹkan wọ̀nyí, ìyá àgbà a sì máa wo ìgò náà bí ẹni tí ó rí àlejò tí kò retí. Ketchup kì í ṣe májèlé. Tòmátò wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣíbí ìjẹun kan rẹ̀ ní nǹkan bí gíráàmù 4 ṣúgà, èyí tí ó tó ṣíbí ìpotíì kan, iyọ̀ sì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọ bá ń torí ìdajì ṣíbí ketchup jẹ odidi ẹyin kan tàbí ẹja tí kì bá fẹnu kàn, mo fara mọ́ ọn, èmi náà ti ṣe é. Bí ó bá jẹ́ pé dùǹdún àti ìrẹsì ni ó ń bò mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, tí ìyá sì ń sọ pé òun ti fún un ní tòmátò, ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹ fi wé ọbẹ̀ tàtàṣé ọmọdé tí mo ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan: òun náà dùn díẹ̀ nítorí àlùbọ́sà tí a dín pẹ́, kò sì sí ṣúgà tí a fi kún un.

Mayonnaise, òróró ni èyí tí ó ju ìdajì lọ dáadáa nínú rẹ̀. Fún ọmọ rírù, okun ni. Fún ọmọ tí ara rẹ̀ le, kí á máa fọwọ́ wọ́n ọn. Èyí tí a fi ẹyin tútù ṣe nílé kò yẹ ọmọ kékeré rárá, nítorí àrùn tí ẹyin tí kò jinná lè kó ràn án. Gravy inú agolo, èyí tí a ń da omi gbígbóná sí kí ó lè ki, sítáàṣì, epo, iyọ̀ àti àwọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọbẹ̀ kan tí ó ki lójú ṣùgbọ́n tí kò ru ohunkóhun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ń rọ ẹran gbígbẹ fún ọmọ tí kò lè gbé e mì, omi ọbẹ̀ ata sì lè ṣe ìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìgò tí ó sàn nínú méjì, kí ó ka orúkọ àwọn èròjà tí ó wà lára rẹ̀, torí pé èyí tí ó pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ. Bí ṣúgà tàbí iyọ̀ bá wà ní iwájú, ó ti sọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà

Àwọn méjèèjì lọ́ràá, wọ́n sì ní purotéènì púpọ̀, ẹ̀gúsí sì ń gbé ewé lílọ̀ mọ́ra ju ọbẹ̀ èyíkéyìí lọ. Ẹ̀pà gbọ́dọ̀ jẹ́ lílọ̀ kúnná fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, nítorí pé odindi ẹ̀pà lè há a lọ́fun. Èyí tí ó bu, tàbí tí ó korò lẹ́nu, ẹ má ṣe rò pé lílọ̀ tàbí sísè yóò pa oró inú rẹ̀. Ẹ dà á nù.

Ọmọ tiyín ńkọ́?

Ọmọ tí kò fẹ́ ewé: ewédú pẹ̀lú gbẹ̀gìrì. Ọmọ tí kò fẹ́ ẹran: gbẹ̀gìrì tàbí ẹ̀gúsí, kí á sì fọ́ ẹja sí i. Ọmọ tí kì í jẹ ju omi ọbẹ̀ lọ: kí á má ṣe gba omi náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, kí á máa fi gbẹ̀gìrì dí i, ṣíbí kan lónìí, méjì lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, títí tí omi yóò fi di ọbẹ̀. Ọmọ tí kò fẹ́ kí ohun kan kan èkejì nínú àwo, irú wọn sì pọ̀, ẹ bu ọbẹ̀ rẹ̀ sínú abọ́ kékeré lọ́tọ̀, kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ òkèlè bọ̀ ọ́. Mo ti rí ọmọ tí ó kọ ẹ̀fọ́ lórí àmàlà, tí ó sì jẹ ẹ̀fọ́ kan náà nígbà tí ó di ohun tí òun ń tọ iṣu sísè bọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rọ ọmọ. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, tí a dá wa délẹ̀ lórí itan, tí a di imú, tí a sì da ògì sí ọ̀fun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a rọ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ tí a sì rọ ní ọbẹ̀ yóò máa sá fún ọbẹ̀ náà. Láàárín nǹkan bí ọdún 2 sí 6, ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fura sí oúnjẹ tí wọn kò mọ̀, kì í sì í ṣe àìsàn. Ó lè tó ìgbà 8, ó lè ju 10 lọ, tí a óò gbé ewédú síwájú ọmọ kí ó tó fẹnu gbà á, ọ̀pọ̀ òbí sì máa ń sọ̀rètí nù ní ìgbà kẹta. Iṣẹ́ ìyá ni láti pinnu ohun tí yóò wà nínú abọ́. Ìwọ̀n tí yóò jẹ, kí á fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń rù sí i, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n, tàbí tí kì í ríran dáadáa ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ọbẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn àwọn Onítẹ̀bọmi, èyí tí ó di ti Yunifásítì Bowen lónìí, ti ń tọ́jú aláìsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ìdí tí ọmọ wa yóò fi máa rù nílé nítorí pé a ń wá ọbẹ̀ tí yóò jẹ.

Àwọn tí wọ́n bá ń bu ọbẹ̀ ọmọ sọ́tọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé gbẹ̀gìrì kì í pẹ́ kan. Mo ti pàdánù odidi ìkòkò kan rí nítorí pé mo dé e ní gbígbóná, tí mo sì lọ sí òde ìgbéyàwó. Ẹ pín in sí abọ́ kéékèèké kí ó lè tètè tutù, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó gidigidi nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó. Èyí tí ọmọ ti ki ṣíbí ẹnu rẹ̀ bọ̀, kò sí ìfipamọ́ fún un.

Ó ku ohun kan tí èmi àti ìyàwó ọmọ mi kò tíì fẹnu kò lé lórí. Òun ní kí á máa lọ ewé pamọ́ sínú ọbẹ̀ pupa kí ọmọ má mọ̀; èmi ní kí á jẹ́ kí ó rí i. Mo gbà pé ọ̀nà tirẹ̀ ń mú ewé wọ inú ọmọ lónìí, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ̀ pé òun jẹ ewé kò tíì kọ́ bí a ti ń jẹ ewé, bí ó bá sì rí ẹ̀tàn náà lọ́jọ́ kan, yóò kọ ọbẹ̀ pupa mọ́ ewé. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n tó padà, mo gbé ìkòkò ewédú kúrò lórí iná, mo jẹ́ kí ó tutù, mo gbé e lé ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ọmọ náà, mo sì fi ìjábẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó jà á títí tí ewé fi fọ́n sí i nímú. Ó nu imú rẹ̀, ó lá ọwọ́ rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó sì ní, "Ìyá àgbà, iyọ̀ rẹ̀ kò tó." Mo ní ó tó.